Aládùúgbò Àwọn Ọmọdé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, ojú méjì ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. Òwe yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu wa tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ ronú sí ohun tí ó ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń pa á. Kò sọ pé igba ojú ní í ṣàánú ọmọ. Wíwò ni ó wí. Ẹni tí yóò wo ọmọ ní láti wà níbi tí ọmọ náà wà, kí ó rí i nígbà tí ara rẹ̀ le àti nígbà tí kò le, kí ó sì mọ ohun tí ó tọ́ láti ṣe fún un. Àánú lè ti òkèèrè wá. Ìtọ́jú kì í ti òkèèrè wá. Ìtàn tí a fẹ́ sọ yìí jẹ́ ìtàn àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n kọ́ṣẹ́ yege, tí ọ̀nà ìgbádùn sì ṣí sílẹ̀ níwájú wọn, ṣùgbọ́n tí wọ́n kó ẹrù wọn lọ sí àdúgbò àwọn tálákà ní ìlú New York, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti lọ máa wo ọmọ ọlọ́mọ.

Lillian Wald ni orúkọ ẹni tí ó ṣáájú wọn. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 1867 ni a bí i ní ìlú Cincinnati, ní ìpínlẹ̀ Ohio, sínú ìdílé Júù kan tí ó rí já jẹ. Ìlú Rochester ni ó gbé dàgbà. Kò mọ ebi, kò sì mọ ìṣẹ́. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 16, ó fẹ́ wọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Vassar, ṣùgbọ́n àwọn alákòóso ibẹ̀ ní ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì tó. Ó wà nílé fún ọdún mélòó kan bí àwọn ọmọbìnrin ọlọ́rọ̀ ìgbà náà ti máa ń wà, títí irú ìgbésí ayé bẹ́ẹ̀ fi sú u. Ní 1889, nọ́ọ̀sì kan wá tọ́jú arábìnrin rẹ̀ nínú ilé wọn. Wald wo bí obìnrin náà ti ń fi ọgbọ́n àti sùúrù ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì fà sí i. Ní ọdún yẹn kan náà ni ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní Ilé-ìwòsàn New York, ó sì jáde ní 1891.

Iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ ṣe ni ti ìtọ́jú àwọn ọmọ tí a kó jọ sí ilé àwọn ọmọ aláìnílé kan. Ọdún kan ni ó lò níbẹ̀. Ọ̀nà tí a ń gbà tọ́jú àwọn ọmọ náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ láti lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, kí ó lè di dókítà. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀nà tí ó là sílẹ̀ fún ara rẹ̀ yìí ni ó tọ̀ dé òpin, bóyá ì bá di dókítà tí ó lókìkí, tí àwọn ọlọ́rọ̀ ìlú ńlá náà ì bá sì máa ránṣẹ́ sí. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ń dúró dè é.

Kí a lè mọ ohun náà, ó yẹ kí a mọ irú àdúgbò tí a ń pè ní Lower East Side ní àkókò yẹn. Ìhà gúúsù ìlú New York ni ó wà, ní apá ìlà-oòrùn. Láti ọdún 1881 ni àwọn Júù tí a ń ṣe inúnibíni sí ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà ti ń wọ́ wá sí ibẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, àwọn ará Ítálì àti àwọn ẹ̀yà mìíràn sì ń tẹ̀lé wọn. Wọ́n ń gbé inú àwọn ilé gíga alájà márùn-ún tàbí mẹ́fà tí a kọ́ mọ́ ara wọn gádígádí. Púpọ̀ nínú àwọn yàrá náà kò ní fèrèsé sí ìta, àtẹ̀gùn wọn ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan, ilé ìgbẹ́ kan ṣoṣo ní àgbàlá sì lè jẹ́ ti ìdílé púpọ̀. Nínú yàrá kan náà tí a ti ń dáná ni a ti ń sùn, ibẹ̀ náà ni bàbá, ìyá àti ọmọ ti ń rán aṣọ fún àwọn oníṣòwò títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bí àrùn bá wọ irú ilé bẹ́ẹ̀, kì í mú ẹnì kan kí ó fi ẹnì kejì sílẹ̀. Àwọn ọmọdé ni ó sì máa ń kọ́kọ́ pa. Ọdún 1893 tún jẹ́ ọdún tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn.

Ní àdúgbò yìí ni Wald ti ń wá kọ́ àwọn obìnrin ní ìtọ́jú ilé àti ti aláìsàn, ní àkókò tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn. Ẹ kíyè sí i pé ìrànlọ́wọ́ ni èyí náà: ó ń wá, ó ń kọ́ni, ó sì ń padà sí ibi tí ó dára tí ó ń gbé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹta ọdún 1893, bí òjò ti ń rọ̀, ó ń fi bí a ti ń tẹ́ ibùsùn hàn wọ́n ni ọmọbìnrin kékeré kan bá wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ọmọ náà ń sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, kò sì lè sọ ọ́ já gaara. Nígbà tí ó yé Wald pé obìnrin kan ni ó bímọ tí ara rẹ̀ kò yá, ó kó àwọn aṣọ ibùsùn tí ó fi ń kọ́ni, ó sì tẹ̀lé ọmọ náà. Wọ́n gba ojú pópó ẹlẹ́rẹ̀, wọ́n kọjá lára òkìtì ìdọ̀tí, wọ́n gun àtẹ̀gùn ẹlẹ́gbin dé yàrá náà. Ẹni méje ni ìdílé ọ̀hún, yàrá méjì ni wọ́n ní, wọ́n sì tún gba àwọn mìíràn tí ń sanwó sùn mọ́ ara wọn. Arọ ni bàbá. Báárà ni ó ń ṣe. Ìyá wà lórí ibùsùn tí ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ méjì ti gbẹ mọ́. Wald wẹ ìyá, ó wẹ ọmọ, ó tẹ́ ibùsùn, ó sì gbá ilé. Nígbà tí ó ṣetán, ńṣe ni àwọn ará ilé náà ń fi ẹnu ko ọwọ́ rẹ̀.

Ẹlòmíràn ì bá fi owó díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, kí ó padà sílé, kí ó máa sọ ìtàn náà fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Èrò tirẹ̀ yàtọ̀. Ó bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni ó ṣe tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fi lè wà ní ìlú kan náà tí òun ń gbé, tí òun kò sì mọ̀. Bí òun tí òun jẹ́ nọ́ọ̀sì kò bá mọ̀, mélòó mélòó ni àwọn tí wọn kò dé àdúgbò náà rí? Ó pinnu pé òun yóò mọ̀, òun yóò sì jẹ́ kí àwọn mìíràn mọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ó ti fi ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀.

Ó bá Mary Brewster sọ̀rọ̀, nọ́ọ̀sì bíi tirẹ̀ tí wọ́n jọ kẹ́kọ̀ọ́, àwọn méjèèjì sì fi ohùn ṣọ̀kan láti kó lọ sí àdúgbò náà gan-an. Wọ́n kọ́kọ́ gbé ní ilé àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé kan ní Òpópó Rivington fún ìgbà díẹ̀; lẹ́yìn náà wọ́n rí yàrá gbà ní òkè pátápátá ilé àwọn ayálégbé kan ní Òpópó Jefferson. Wald jẹ́ ọmọ ọdún 26 nígbà náà. Kò yẹ kí a purọ́ pé afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń jẹ. Ìyá àgbà ọlọ́rọ̀ kan, aya Solomon Loeb, àti Jacob Schiff tí í ṣe ọkọ ọmọ rẹ̀, ni ó ń fún wọn ní owó oúnjẹ àti ti oògùn. Ṣùgbọ́n kò sí owó tí ó lè ra ohun tí àwọn ọ̀dọ́ méjèèjì fi sílẹ̀: oorun òru wọn, ìrọ̀rùn wọn, àti iyì tí ayé ìgbà náà fi fún ọmọ ọlọ́rọ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ tí àìlera fi mú kí Mary Brewster fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó sì kú ní 1901. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rere ni ó máa ń rí ìkórè rẹ̀. Síbẹ̀, orúkọ ẹni tí ó gbin irúgbìn kò yẹ kí ó parun.

Àṣà kan wà nínú iṣẹ́ wọn tí ó yẹ kí a fi ọkàn sí. Ẹnikẹ́ni ni ó lè pe nọ́ọ̀sì wọn. Kò di dandan kí dókítà tàbí oníwàásù kan kọ ìwé fún un. Wọn kì í sì í bèèrè ẹ̀sìn tí aláìsàn ń sìn. Ẹni tí kò ní owó rárá gba ìtọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní díẹ̀ ń san sẹ́ǹtì 10 sí 25. Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé àwọn tí ó wá ṣàánú tún ń gba owó. Ọgbọ́n ńlá ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá san kọ́bọ̀ tirẹ̀ kò ní tẹ orí ba bí ẹni tí ó wá tọrọ. Ó lè wo nọ́ọ̀sì náà lójú, kí ó bi í léèrè ọ̀rọ̀, àní kí ó bá a jiyàn. Ohun tí a fi ń ran ọmọ lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ sọ bàbá rẹ̀ di ẹni yẹpẹrẹ lójú ọmọ náà.

Ní 1895, Schiff ra ilé kan fún wọn ní ojúlé 265, Òpópó Henry. Ilé yìí di ibi tí àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ìmọ̀ ń wọ́ wá. Àwọn nọ́ọ̀sì tí ó jẹ́ méjì péré ní 1893 ti di 92 ní 1913. Kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì nìkan. Àwọn olùkọ́ wá, àwọn oníṣòwò wá. Ẹlòmíràn ń gbé ibẹ̀, ẹlòmíràn ń ṣiṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án, ó sì ń wá fi ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ. Ọ̀kan nínú wọn ni Herbert Lehman. Nígbà tí ó jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní 1899 tí ó sì wọ iṣẹ́ òwò aṣọ, ó ń wá sí Òpópó Henry láti máa darí ẹgbẹ́ àwọn ọmọdékùnrin kan. Ọkùnrin yìí ni ó di gómìnà ìpínlẹ̀ New York láti 1933 dé 1942. Ẹni tí ó ti bá àwọn ọmọ tálákà jókòó nígbà èwe rẹ̀ kò ní láti bèèrè, nígbà tí ó bá di aláṣẹ, irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́.

Àwọn ará ilé náà rí i pé ojú pópó ni àwọn ọmọ àdúgbò ti ń ṣeré, láàárín ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ẹrù. Wọ́n tún àgbàlá ẹ̀yìn ilé wọn ṣe, wọ́n sì sọ ọ́ di pápá ìṣeré. Àgbàlá náà kéré, àwọn ọmọ sì pọ̀ ju àyè lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó bá kọjá ni ó ń rí i pé ọmọdé nílò ibi ìṣeré bí ó ti nílò oúnjẹ. Wald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò dákẹ́ lórí ọ̀ràn yìí, títí ìlú New York fi ṣí pápá ìṣeré Seward Park ní àdúgbò náà ní 1903.

Bákan náà ni ti Elizabeth Farrell, olùkọ́ ọ̀dọ́ kan tí ń gbé ilé náà. Ní ilé-ìwé kan ní Òpópó Henry, ó rí àwọn ọmọ tí kò lè bá ẹgbẹ́ wọn rìn nínú ẹ̀kọ́, nítorí pé ọpọlọ wọn kò yára tàbí nítorí àbùkù ara. Àwọn olùkọ́ mìíràn kà wọ́n sí ìdààmú. Ní nǹkan bí ọdún 1899, Farrell kó wọn jọ sí kíláàsì kan, ó sì ń fi iṣẹ́ ọwọ́ àti ohun tí wọ́n lè rí lójú kọ́ wọn. Nígbà tí ó di 1906, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìlú náà ti fi í ṣe alábòójútó irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ káàkiri ìlú. Ọmọ tí gbogbo ayé ti pè ní olódo rí ẹni tí ó ní sùúrù láti wá ọ̀nà tí ìmọ̀ yóò gbà wọlé sí i lórí.

Nínú gbogbo iṣẹ́ wọn, èyí tí ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rántí jùlọ ni ti nọ́ọ̀sì ilé-ìwé. Nínú ìrìn rẹ̀, Wald ti bá ọmọdékùnrin ọlọ́dún 12 kan pàdé tí kò tíì jókòó ní kíláàsì rí. Egbò wà ní orí rẹ̀; ìgbàkígbà tí ó bá dé ilé-ìwé, a ó ní kí ó padà sílé. Wald fi ìpara tọ́jú orí náà, egbò jinná, ọmọ náà sì wọ ilé-ìwé. Wald kò gbàgbé ọmọ yìí, nítorí ó mọ̀ pé irú rẹ̀ pọ̀.

Ní 1897, ìlú New York yan àwọn dókítà láti máa yẹ àwọn ọmọ ilé-ìwé wò, kí àrùn má baà ti ara ọmọ kan ran òmíràn. Ète náà dára. Ní 1902, àwọn aláṣẹ mú àyẹ̀wò náà le sí i. Ọmọ tí ó bá ní àrùn ojú, ọmọ tí ó bá ní lápálápá, ọmọ tí iná bá wà ní orí rẹ̀, gbogbo wọn ni a ń lé padà sílé. Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀? Dókítà ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, ó ti lọ. Ìwé tí ó fi rán ọmọ sí ìyá rẹ̀ kò yé ìyá náà, nítorí pé èdè mìíràn ni ó ń sọ. Bí ó bá tilẹ̀ yé e, kò ní owó oògùn, kò sì ní ẹni tí yóò fi bí a ti ń lò ó hàn án. Nítorí náà ọmọ náà ń rìn káàkiri ojú pópó, àwọn ọmọ tí a ní kí ó má fi àrùn ràn ní òwúrọ̀ ni ó sì ń bá ṣeré ní ìrọ̀lẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1902, iye ìgbà tí a lé ọmọ kúrò ní ilé-ìwé ìlú náà jẹ́ 10,567. Òfin tí a ṣe láti dáàbò bo àwọn ọmọ ti di ohun tí ń ti ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́ mọ́ wọn.

Wald kò kọ lẹ́tà èébú sí àwọn aláṣẹ. Ó lọ bá wọn, ó ní òun yóò fún wọn ní nọ́ọ̀sì kan fún oṣù kan, kí wọ́n fi dán an wò. Ṣùgbọ́n kí ó tó yọ̀ǹda rẹ̀, ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn pé bí ó bá yọrí sí rere, ìlú yóò gba iṣẹ́ náà ṣe, yóò sì máa san owó rẹ̀. Ẹni tí ó yàn ni Lina Rogers, nọ́ọ̀sì ọmọ ilẹ̀ Kánádà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1902, Rogers bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé-ìwé 4. Ohun èlò rẹ̀ kò ju ìpara, owú, omi gbígbóná àti ọṣẹ lọ. Ọmọ tí àìsàn rẹ̀ kò le, yóò tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀, yóò sì dá a padà sí kíláàsì rẹ̀. Ọmọ tí ó yẹ kí ó wà nílé, yóò tẹ̀lé e dé ilé, yóò bá ìyá rẹ̀ jókòó, yóò sì fi ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe hàn án. Oṣù kan náà kò tíì pẹ́ kọjá tí àwọn aláṣẹ fi gbà pé ohun tí Wald wí rí bẹ́ẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n gba nọ́ọ̀sì 12 sí i. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1903, iye tí ó ti jẹ́ 10,567 ní ọdún tí ó ṣáájú ti wálẹ̀ di 1,101. Àwọn ọmọ kan náà ni, àrùn kan náà ni, àwọn dókítà kan náà ni. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ẹnì kan tẹ̀lé ọmọ dé ilé.

Ohun mìíràn tí ó yẹ kí àwa aláwọ̀ dúdú mọ̀ nípa ilé yìí ni pé wọn kò ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ àwọn ènìyàn wa, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn Amẹ́ríkà kò jẹ́ gba nọ́ọ̀sì dúdú síṣẹ́. Ní 1906, Elizabeth Tyler, nọ́ọ̀sì dúdú, wọ inú ẹgbẹ́ wọn, a sì dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ ní àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ìlú náà. Ní 1909, nígbà tí àwọn dúdú àti funfun pàdé ní New York láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ó bí ẹgbẹ́ NAACP tí ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn dúdú, inú ilé Òpópó Henry ni a ti gba àwọn aṣojú náà lálejò. Wọ́n mọ̀ pé kò ṣeé ṣe láti fẹ́ràn ọmọdé ní apá kan ìlú kí a sì kórìíra ọmọdé ní apá kejì.

Síbẹ̀, ọmọdé Amẹ́ríkà kì í ṣe ti New York nìkan. Ní 1903, Wald àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Florence Kelley, tí í ṣe amòfin tí ó sì ń gbé ilé náà, jókòó ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Lẹ́tà kan bèèrè ìdí tí àwọn ọmọ fi ń kú púpọ̀ ní àkókò ooru, tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣe nǹkan kan. Ìwé ìròyìn sọ pé ìjọba fẹ́ rán ọ̀gá àgbà ètò ọ̀gbìn lọ sí ìhà gúúsù láti wo ohun tí kòkòrò ń ṣe sí oko òwú. Wald gbé àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì lé orí ìwọ̀n. Bí ìjọba bá lè ní ilé-iṣẹ́ tí ń ṣọ́ òwú, kí ni kò jẹ́ kí ó ní èyí tí yóò máa ṣọ́ àwọn ọmọ? Ọ̀rọ̀ yìí rọrùn púpọ̀, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́sàn-án ni ó gbà wọ́n kí ó tó ṣẹ. Wọ́n lọ bá Ààrẹ Theodore Roosevelt. Wọ́n bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀. Àwọn kan ta kò wọ́n. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin ọdún 1912 ni Ààrẹ William Taft fi ọwọ́ sí òfin tí ó dá ilé-iṣẹ́ ìjọba fún ọ̀ràn ọmọdé sílẹ̀. Julia Lathrop ni a fi ṣe olórí rẹ̀. Iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ ṣe ni láti wádìí ohun tí ń pa àwọn ọmọ ọwọ́. Ní ìlú Johnstown, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, àwọn aṣèwádìí lọ láti ilé dé ilé, wọ́n sì rí i pé bí owó iṣẹ́ bàbá bá ti kéré tó ni ikú ọmọ ń pọ̀ tó. Àwọn tí ó ti ń sọ pé àìmọ̀kan àwọn ìyá nìkan ni ó fà á wá rí i pé ìṣẹ́ ni apànìyàn.

Ẹnì kan lè wí pé, bí ó bá jẹ́ pé ìjọba ni ó gba iṣẹ́ náà ṣe nígbẹ̀yìn, kí ni àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn ṣe? Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Ìjọba kì í sábà rí ohun tí kò sí ẹni tí ó fi hàn án. Nọ́ọ̀sì kan ní láti kọ́kọ́ ṣe é fún oṣù kan kí ìlú tó mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Ẹlòmíràn náà lè wí pé ìjọba kò ṣe nǹkan kan, nítorí náà kò sí ohun tí òun lè ṣe. Ẹni tí ó wí bẹ́ẹ̀ ti gbàgbé pé ẹni méjì ni ó bẹ̀rẹ̀ ní òkè ilé ní Òpópó Jefferson. Kì í ṣe pé wọ́n mú ìṣẹ́ kúrò ní ìlú New York. Ìṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ì bá kú yè, àwọn tí ì bá wà ní ojú pópó kàwé.

Wald fi ipò olórí sílẹ̀ ní 1933, ó sì kú ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1940. Ilé Òpópó Henry ṣì wà títí di òní, a ṣì ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ará àdúgbò nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, láìpẹ́ ẹ̀yin náà yóò di nọ́ọ̀sì, olùkọ́, amòfin, oníṣirò owó, oníṣẹ́ ẹ̀rọ. Ìwé-ẹ̀rí yóò wà lọ́wọ́ yín, àwọn òbí yín yóò sì yọ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú pé kí ènìyàn jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ẹ ti ran ọmọdé lọ́wọ́ nítorí pé ẹ ya àwòrán pẹ̀lú wọn ní ọjọ́ ọdún, tàbí nítorí pé ẹ kó àkísà aṣọ fún wọn. Ẹ bèèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ náà nígbà tí ẹ padà lọ sílé. Ta ni a lé kúrò ní ilé-ìwé nítorí egbò, nítorí owó, nítorí aṣọ? Ta ni ó tẹ̀lé e dé ilé? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Bí ẹ bá mọ iṣẹ́ kan, ẹ gbé e lọ síbi tí ọmọ náà ń gbé. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa kí ẹ tó na ọwọ́. Bí ó bá sì ṣe rere, ẹ má ṣe fi í pamọ́ bí ohun ìní yín, ẹ fi lé ìlú lọ́wọ́. Ìgbà náà ni a ó lè fi ẹnu wa pa òwe igba ojú, tí kò sì ní jẹ́ irọ́.